Ṣé kí n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún fẹ Katy Freeway? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Houston, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Dàpọ̀, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé tí mo yá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ I-10, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Katy Freeway ní ìwọ̀-oòrùn Houston, láàárín Loop 610, ọ̀nà tó yí àárín ìlú ká, sí Downtown, apá tí wọ́n ń pè ní Inner Katy. Bí mo bá ṣí fèrèsé yàrá mi, ariwo táyà ni mò ń gbọ́ tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ mi sì wà ní Energy Corridor, àdúgbò ọ́fíìsì ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, ọ̀nà yẹn náà ni mò ń gbà lọ tí mò ń gbà bọ̀.

Ètò tí TxDOT, àjọ tó ń rí sí ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Texas, gbé wá ni pé kí wọ́n fa àwọn léènì olówó tó ń parí sí Loop 610 wọ inú ìlú. Èyí yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe létí odò White Oak Bayou láti gbé ojú ọ̀nà ga kúrò nínú omi. Ní ìpàdé àdúgbò wa, bàbá kan dìde, ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí fífẹ ọ̀nà ń já sí, kó lọ wo léènì 26 tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà yìí tí wọ́n ti fẹ̀, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ò lọ síbì kankan. Obìnrin kan dá a lóhùn pé ẹni tí kò ní aláìsàn nílé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ojú ọ̀nà yẹn lòun ń gbé ìyá òun gbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó dá àwọn méjèèjì lójú, èmi ò wá mọ ẹni tí mo lè gbè lẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí: báwo ni ọ̀nà yìí ṣe dà bó ṣe dà yìí? Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tán ní 2008, ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbà á rí àǹfààní rẹ̀? Bí mo bá sì fẹ́ kọ̀wé sí TxDOT, kí ni kí n sọ tí wọn ò ní kàn kà kí wọ́n sì gbàgbé?

Ọmọ Adó

Dàpọ̀, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Tírélà ni mò ń wà, ẹrù láti èbúté Houston sí San Antonio. Mo ti ń gba I-10 kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́. Nígbà yẹn, ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè wà lórí ọ̀nà náà fún wákàtí 11 lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí wo ló wá kù fún ẹni tó ń gbé ẹrù? Àwa kọ́ la ń yan àkókò tá a máa rìn, ẹni tó ń retí ẹrù ló ń yàn án fún wa.

Àwọn tó ní kí gbogbo èèyàn máa wọ bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ wọn. Ẹrù kì í wọ bọ́ọ̀sì. Oúnjẹ, sìmẹ́ńtì, oògùn ilé ìwòsàn, orí táyà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà náà tún ti kún lẹ́yìn 2008 ní àkókò ìlọ iṣẹ́ àti ìbọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán, mo ń kọjá láìdúró, bẹ́ẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀nà náà fẹ̀ sí i, bí táyà bá bẹ́, mo ní ibi tí mo lè yà sí tí ọkọ̀ mìíràn ò ní gbá mi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tí kì í wakọ̀ jẹun pinnu fún wa.

Ìyá Ìbejì, Katy

Dàpọ̀ ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọdún 1996 la dé Houston, Katy la sì fìdí kalẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ni mí, Texas Medical Center ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo mọ ọ̀nà yìí látòkè délẹ̀. Ọmọ Adó, òótọ́ lo sọ nípa ẹrù, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí mo fẹ́ já sí ló yàtọ̀ sí tìrẹ.

Réluwé ló ṣáájú mọ́tò débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Missouri–Kansas–Texas, tí wọ́n ń pè ní MKT, ló la ojú irin dé Houston ní ìparí ọ̀rúndún 19, ìlú Katy sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn. Oko ìrẹsì ló yí i ká. Nígbà tá a dé, èèyàn ṣì ń rí àwọn ilé gíga tí wọ́n ti ń gbẹ ìrẹsì láti ọ̀nà jíjìn, torí ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan tó máa dí ojú. Lẹ́yìn òfin 1956 tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí, tí ìjọba àpapọ̀ fi gbà láti san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn ọ̀nà Interstate, ni Texas dáwọ́ lé I-10 ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Láàárín 1960 sí 1968 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọkọ̀ 79,200 lóòjọ́ ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbà á ti ju 219,000 lọ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ léènì mẹ́ta ní lílọ, mẹ́ta ní bíbọ̀ náà ló ṣì jẹ́.

Apá tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́ jù ni ti léènì àárín, torí ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fà wọ àdúgbò yín. Oṣù kẹwàá 1984 ni wọ́n ṣí i: léènì kan ṣoṣo láàárín ògiri kọnkéré méjì, láàárọ̀ kó máa wọ ìlú, nírọ̀lẹ́ kó máa jáde. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akérò tó gbàwé àṣẹ nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láyè. Àwọn tó jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò gbà. Wọ́n ń wo léènì tó dà bíi pé kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀, inú ń bí wọn. Ni wọ́n bá ń dẹ òfin. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin lè wọ̀ ọ́, ó tún di mẹ́ta, nígbà tó fi máa di 1986 ó ti di méjì. Bó ṣe di méjì ló kún, bọ́ọ̀sì wá ń fà nínú léènì tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe. Ní 1988 wọ́n dá a padà sí ẹni mẹ́ta fún àkókò tí ọkọ̀ pọ̀ jù láàárọ̀. Nígbà tó di 1998 wọ́n gbé QuickRide dé, pé ẹni méjì lè wọ̀ ọ́ lákòókò yẹn bí wọ́n bá san dọ́là 2. Ṣé o rí i? Gbogbo àríyànjiyàn tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ní ìpàdé yín, ọ̀nà yìí ti là á kọjá kó o tó dé ìlú yìí.

Èmi bá ìgbà ẹlẹ́ni mẹ́ta. Arábìnrin ará Philippines kan tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ló ni ọkọ̀, ẹnì kẹta wa jẹ́ ọkùnrin ará Cameroon kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ìdájí, a máa ń pàdé lábẹ́ iná níbi tí èèyàn ń gbé ọkọ̀ sí kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ní ibùdó Park & Ride, kóówá pẹ̀lú fúláàsìkì tíì lọ́wọ́. Bí ọkùnrin yẹn ò bá rí iṣẹ́ wá lọ́jọ́ náà, a ó máa bi àwọn tó wà lórí ìlà bọ́ọ̀sì bóyá ẹnì kan ń lọ sí Medical Center. Wọ́n máa ń gbà, torí ọkọ̀ wa á yá ju bọ́ọ̀sì lọ. Ká tó wọ léènì àárín, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyára ń gbọ̀n lórí 10. Ká tó mí lẹ́ẹ̀mejì síbẹ̀, ó ti gun 55. Ní òdìkejì ògiri, mò ń rí àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ wọn, ẹni kan ń kun ètè nínú dígí, ẹlòmíràn ti gbé ìwé ìròyìn lé sítíárìn. Léènì kan péré ni tiwa, iye èèyàn tó sì ń gbé kọjá ní wákàtí yẹn ju ti èyíkéyìí nínú àwọn léènì tó kù lọ.

Ìfẹ̀ ọ̀nà wá dé. John Culberson, tó ṣojú apá ìwọ̀-oòrùn Houston nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Washington láti 2001 sí 2019, ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí. Ọdún tó lé ní 10 ni iṣẹ́ náà ì bá gbà bó bá jẹ́ owó TxDOT nìkan ni wọ́n ń retí. Ni àjọ tó ń gba owó ojú ọ̀nà ní Harris County, HCTRA, bá mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là wá, kí wọ́n lè ní léènì olówó láàárín. Ibo ni wọ́n rí ilẹ̀? Union Pacific ti ra MKT ní 1988, TxDOT sì ra ilẹ̀ ojú irin náà ní 1992. Wọ́n hú irin kúrò, wọ́n sì ra ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà létí ọ̀nà láti fi kún un. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí irin yẹn. Ó ti gba ilẹ̀ tiẹ̀ láti Katy wọ Houston, kò sí ẹni tá a máa lé kúrò nílé ká tó fi ọkọ̀ ojú irin akérò sí i. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ fi réluwé gbé èrò ní apá ibí yìí yóò kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tuntun rà.

2003 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 2008, bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni wọ́n ná. Àwọn tó ń dárúkọ léènì 26 kì í sábà sọ bó ṣe pín. Níbi tó fẹ̀ jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Beltway 8, léènì 12 ni ti gbogbo ayé, 6 ni ti àárín, 8 sì jẹ́ fídà tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ní iná adarí ọkọ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn léènì olówó gùn tó máìlì 12, láti Highway 6 dé Loop 610, méjì lílọ, méjì bíbọ̀. Ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ ń sanwó, owó náà sì ń ga ní wákàtí tí èrò bá pọ̀. Bọ́ọ̀sì METRO, àjọ bọ́ọ̀sì ìlú, kì í san, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì náà kì í san ní àkókò iṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè.

Ṣé ó ṣàǹfààní? Ó ṣe é. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ dùn, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ kò gbé ibí. Mo ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ń bá àwọn ìbejì mi ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ṣùgbọ́n láàárín 2011 sí 2014, àkókò tí èèyàn fi ń ti ìhà Katy dé Downtown láàárọ̀ fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, ti ìrọ̀lẹ́ fi ìdá 55 gùn sí i. Ẹ̀rọ TranStar, àjọ tó ń ṣọ́ ìrìn ọkọ̀ ní Houston, tó wà lójú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló kà á. Ohun tó fà á ò fara sin. Ẹni tó ti ń jí ní aago mẹ́rin kó lè ṣáájú ọkọ̀ padà sí aago méje. Ẹni tó ti ń gba Westheimer tàbí Memorial Drive padà sórí freeway. Àwọn tó ń kọ́lé tà rí i pé èèyàn lè ti ìlú Fulshear tó wà lẹ́yìn Katy lọ ṣiṣẹ́ ní Houston, ni wọ́n bá sọ oko ìrẹsì di ilé. Ọ̀nà Grand Parkway náà tún ṣí láti I-10 lọ sí ọ̀nà 290 ní oṣù kejìlá 2013, ọkọ̀ ibẹ̀ náà sì ń tú sórí ọ̀nà wa.

Kì í ṣe Houston nìkan ló ń ṣe é. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Anthony Downs ti kọ ọ́ láti 1962 pé ọ̀nà márosẹ̀ inú ìlú yóò máa kún padà ní wákàtí ìlọ iṣẹ́ títí yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú bó ṣe lè gbà á. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Gilles Duranton àti Matthew Turner, yẹ àwọn ìlú Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé bí ọ̀nà bá fi ìdá 10 pọ̀ sí i, ìrìn ọkọ̀ náà ń fi bíi ìdá 10 pọ̀ sí i. Ọmọ Adó, ọ̀sán tó ń dẹ̀ ọ́ lára, ibi tí àǹfààní náà wà gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n aago méje àárọ̀ tí wọ́n fi ń polówó fífẹ ọ̀nà fún àwọn ará ìlú, òun ni kì í pẹ́ kó tó kún. Ohun tí mo fi ojú mi rí láti 1996 ni pé léènì tí wọ́n bá fi òfin tàbí owó ṣọ́ ló ń rìn, léènì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé a máa kún láàárín ọdún díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. I-10 gba àárín dáàmù Addicks àti Barker kọjá, èyí tí ẹ̀ka onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kọ́ ní àwọn ọdún 1940 lẹ́yìn tí omi bo Downtown ní 1929 àti 1935. Oko ìrẹsì máa ń mu omi. Òrùlé àti ọ̀dà ojú títì kì í mu ún. Nígbà ìjì Harvey ní oṣù kẹjọ 2017, omi kún inú agbada Barker títí ó fi wọ ilé àwọn èèyàn ní Cinco Ranch. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ wa kan jáde, arúgbó kan wà láàárín wọn tó ń lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, a sì wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀nà nìkan ló fà á. Mò ń sọ pé àwọn ilé tí ọ̀nà fà wá náà ní omi tí wọ́n ń lé sílẹ̀.

Àjọkẹ́ T.

Ẹ kú ìròyìn, Ìyá Ìbejì. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà la sì ń ṣe jù. Dàpọ̀, níwọ̀n bó o ti jẹ́ ayálégbé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa rò pé onílé nìkan ni òfin mọ̀.

Bí owó ìjọba àpapọ̀ bá wọ inú iṣẹ́ náà, Uniform Relocation Act ti 1970 dáàbò bo ayálégbé náà. Wọn ò lè ní kó o kó jáde láìfún ọ ní ìwé ó kéré tán ọjọ́ 90 ṣáájú, ìrànlọ́wọ́ sì wà fún owó ìkẹ́rù àti ìyàtọ̀ owó ilé bó o bá yẹ fún un. Tọ́jú ìwé àdéhùn ilé rẹ àti rìsíìtì owó ilé láti ìsinsìnyí. Mo rí àwọn tí wọ́n ń san owó ilé ní káàṣì tí kò sí ìwé kankan, nígbà tí àkókò tó, wọn ò lè fi hàn pé inú ilé yẹn ni wọ́n ń gbé. Fún onílé, Texas ní ìwé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un. Bí iye tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kọmíṣọ́nà mẹ́ta tí adájọ́ yàn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì lè gbé e kọjá ibẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú. Iye àkọ́kọ́ kọ́ ni òpin.

Ohun kejì: láti oṣù kejìlá 2014 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò àyíká lé TxDOT lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé àjọ tó fẹ́ kọ́ ọ̀nà náà ló ń fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò ọ̀nà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó o bá kọ fi ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn èèyàn ti kọ sínú ìwé ni adájọ́ yóò wò. Bí ìkéde ìpinnu bá sì jáde nínú Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 150 ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́.

Ẹ wo iṣẹ́ fífẹ I-45, ọ̀nà márosẹ̀ mìíràn ní Houston. Ìwé TxDOT fúnra rẹ̀ ka ilé 1,079 tí iṣẹ́ yẹn máa kàn. Àwọn ará àdúgbò kọ̀wé, wọ́n fi ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ránṣẹ́ sí Washington, Harris County pẹjọ́. Ní oṣù kẹta 2021 ìjọba àpapọ̀ ní kí TxDOT dáwọ́ dúró. Nígbà tí àdéhùn fi máa wà ní oṣù kẹta 2023, mílíọ̀nù 30 dọ́là ti wà nínú rẹ̀ fún ilé tí apá mẹ̀kúnnù lè ká. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ̀nà náà o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn yẹn ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́.

Ọmọ Adó

Ìyá Ìbejì, mo ka tiyín dópin. Mo gbà pé aago méje ò ní dẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ìjọba ò kọ́ réluwé náà, bó bá jẹ́ pé ó dára tó bẹ́ẹ̀? Owó tí wọ́n ná sórí léènì 26 yẹn tó o.

Ìyá Ìbejì, Katy

Ìbéèrè gidi lo béèrè, òfin owó ló sì wà nídìí rẹ̀. Láti 1991 ni Texas ti ń gba sẹ́ńtì 20 lórí gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù kọ̀ọ̀kan, iye yẹn ò tíì yí padà. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí ní ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, ìyókù jẹ́ ti ọ̀nà mọ́tò nìkan. Nígbà tí àwọn olùdìbò tún fi owó kún un ní 2014 àti 2015, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà tí kì í gba tóólù ni kí wọ́n fi ṣe. Nítorí náà, bí TxDOT bá jókòó láti ronú, ọ̀nà mọ́tò ni owó tó wà lọ́wọ́ wọn ń sọ fún wọn. METRO ló ń rí sí bọ́ọ̀sì àti réluwé inú ìlú, àpò tiwọn sì yàtọ̀. Ní 2019 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i kí METRO yá bílíọ̀nù 3.5 dọ́là, ọ̀nà bọ́ọ̀sì Inner Katy sì wà nínú ètò yẹn: kó gbéra láti Northwest Transit Center, níbi tí Silver Line, ọ̀nà bọ́ọ̀sì ti 2020, parí sí, kó dé Downtown. Ohun tó ń dùn mí ni pé àpò méjèèjì ti gbèrò lórí ilẹ̀ tóóró kan náà, àwa tá à ń san méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀.

Dàpọ̀, Houston

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àǹtí Àjọkẹ́, mo ti wá ìwé àdéhùn ilé mi jáde. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ gan-an? Bí mo bá kọ ọ́ pé mi ò fẹ́, wọ́n á ní ọ̀kan lára àwọn tí kò fẹ́ ìdàgbàsókè nìyí.

Ìyá Ìbejì, Katy

Má kọ pé o ò fẹ́, má sì kọ pé o fẹ́. Béèrè ohun tí wọ́n máa fi ìwé dáhùn. Èyí tí èmi yóò fi ṣáájú ni pé ta ni léènì tuntun náà wà fún. Ṣé bọ́ọ̀sì METRO yóò máa gbà á láti Northwest Transit Center wọ ìlú láìdúró, ṣé wọ́n sì máa kọ ìyẹn sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni má lè yí i padà nígbà tí àwọn awakọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé léènì náà ṣófo? Rántí ohun tí wọ́n ṣe láàárín 1984 sí 1986. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn pé àwọn máa wò ó nígbà tó bá yá, léènì ọkọ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ kọ́ nìyẹn, kó o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò iye ọkọ̀ tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn 20 ọdún, àti bóyá wọ́n ka àwọn ọkọ̀ tí léènì náà fúnra rẹ̀ máa fà wá mọ́ ọn. Ní kí wọ́n fi àkókò ìrìn Katy Freeway láti 2008 síwájú wé ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wọn ni ìwé méjèèjì wà.

Nípa White Oak Bayou, èmi fọwọ́ sí gbígbé ọ̀nà ga, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ fífẹ ọ̀nà. Nígbà ìjì Allison ní oṣù kẹfà 2001, omi bo ibẹ̀, nígbà Harvey ó tún bò ó, àwa nọ́ọ̀sì tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ ò rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò sì rí ẹni gbà wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n béèrè ibi tí omi tí ọ̀nà gíga náà bá tì yóò gbà, torí ilé yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kọ ariwo tó ò ń gbọ́ sí i náà. Kọ nọ́ńbà ilé rẹ, wákàtí tí ariwo náà pọ̀ jù, àti ọmọdé tó wà nínú ilé bó bá wà. Ní kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ariwo síbẹ̀, torí ògiri tó ń dí ariwo ò ní dé ibi tí wọn ò bá ti wọ̀n ọ́n, bí ọ̀nà bá sì gun orí afárá, ògiri ilẹ̀ ò lè dí i mọ́.

Fi ránṣẹ́ kí àkókò tó pa dé, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ọjọ́ ìpàdé bá jáde, kọ ọ́ síbí. Èmi yóò wọ bọ́ọ̀sì láti Park & Ride wá, Ọmọ Adó náà kó wá sọ tàwọn onítírélà, torí bí wọ́n bá ní ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ kékeré ni léènì náà wà fún, kò ní sí àyè fún òun náà níbẹ̀.